Kwara United àti owó agbábọ́ọ̀lù: Ó yẹ kí Ọ̀fà náà béèrè

Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 2025, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Kwara United gba ife tí wọ́n ń pè ní President Federation Cup ní pápá ìṣeré Mobolaji Johnson, ní Oníkan, nílùú Èkó. Ọ̀mì ni wọ́n ta pẹ̀lú Abakaliki FC, góòlù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó fi pẹnáritì borí pẹ̀lú mẹ́rin sí mẹ́ta. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Kwara United yóò gba ife náà. Láti Ìlọrin títí dé Ọ̀fà, inú àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù dùn, ó sì yẹ kí inú wọn dùn.

Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn rẹ̀ ni Asante Kotoko ti Kumasi, lórílẹ̀-èdè Ghana, lé wọn jáde nínú ìdíje CAF Confederation Cup. Ìpele àkọ́kọ́ gan-an ni wọ́n ti lé wọn jáde. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí a lè pè ní ti ilé, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti gbá a, ní pápá ìṣeré MKO Abiola, kì í ṣe Ìlọrin. Ẹni tó bá ń gbé Ọ̀fà tó sì fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ rẹ̀ nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní láti sọdá ìpínlẹ̀ mẹ́ta, ká tó wá sọ ti owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ.

Láti ìgbà náà ni ẹjọ́ ti pọ̀. Àwọn kan ní akọ́nimọ̀ọ́gbá ló fà á. Àwọn mìíràn ní àwọn ọmọ náà kò ní ìrírí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń sọ pé ìjọba kò náwó tó. Gbogbo rẹ̀ lè ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú kò tíì jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ta ni ẹgbẹ́ yìí ń rà? Èló ni wọ́n ń san fún un lóṣù? Ọdún mélòó ló wà nínú ìwé àdéhùn rẹ̀? Bí ó bá sì ń lọ, èló ni ẹgbẹ́ ń gbà lórí rẹ̀?

Ìyanu ibẹ̀ ni pé kò sí ibi tí wọn kò ti mọ ìdáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nílùú Ọ̀fà, bí ó bá ti jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ lọ sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù èyíkéyìí ní ọjọ́ Sátidé, yálà ní àgbègbè Ọjà Ọ̀wọ́dé ni tàbí níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Poli pọ̀ sí. Ọmọ tí kò tíì jáde ìwé mẹ́wàá yóò sọ iye tí Chelsea ra ẹni báyìí fún yín, yóò sọ ìgbà tí àdéhùn rẹ̀ yóò parí, yóò tún bá a yín jà lórí pé owó oṣù rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ ọmọ kan náà pé èló ni Kwara United ń san fún ẹni tó ń ṣọ́ ilé wọn. Kò mọ̀. Bàbá rẹ̀ kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ owó tí wọ́n sì ń san náà, owó ìpínlẹ̀ ni, èyí tó túmọ̀ sí pé owó bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, ti Chelsea kò sì kàn án.

Ìlú tí ìjàkadì jẹ́ orò wọn ló yẹ kó tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn àgbà Ọ̀fà mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó sanra jù ló ń dá ẹnìkejì rẹ̀ balẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹni tí kò wúwo a máa fi ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀, a máa dúró de àṣìṣe ẹni tó wúwo, kò sì ní gbìyànjú àtigbé ohun tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè gbà. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, bó ṣe yẹ kó jà nìyẹn. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Kí àwọn kan má baà rò pé owó rẹpẹtẹ nìkan ló ń tún ẹgbẹ́ ṣe, ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá níbí. Láti ọdún 1984 sí ọdún 1987, ẹgbẹ́ méjì péré ló ń pààrọ̀ ife Challenge Cup ilẹ̀ Nàìjíríà láàárín ara wọn. Leventis United ti Ìbàdàn gbà á ní 1984, Abiola Babes ti Abẹ́òkúta gbà á ní 1985, Leventis tún gbà á ní 1986, wọ́n sì fi ife líìgì lé e lọ́dún kan náà, Abiola Babes sì tún gbà á ní 1987. Ẹgbẹ́ aládàáni ni àwọn méjèèjì. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá, ìkejì wà lọ́wọ́ olówó ńlá. Gbogbo agbábọ́ọ̀lù tó mọ̀ ọ́n gbá ló fẹ́ bá wọn lọ, nítorí ibẹ̀ ni owó wà. Lónìí, àti Leventis United àti Abiola Babes, ìtàn ni wọ́n ti dà. Nígbà tí ẹni tó ń náwó káwọ́ rẹ̀ kúrò, kò sí ohun tó kù nílẹ̀ tí ẹgbẹ́ lè fi gbéra. Àwọn arúgbó Ìbàdàn ṣì ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Leventis wọ̀nyẹn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òkú olóore.

Shooting Stars, tí wọ́n gba ife àwọn agbafe ilẹ̀ Áfíríkà ní 1976, ìjọba ló ni ín, ó sì wà títí di òní. Ìyẹn ni pé ìjọba kì í tètè kú bí aládàáni. Ṣùgbọ́n Shooting Stars náà já kúrò nínú líìgì àgbà ní 2017. Ẹgbẹ́ tó bá wà lọ́wọ́ ìjọba kì í sábà túká, àmọ́ ó lè wà láàyè fún ogún ọdún láìní owó kan nínú àpò tó lè pè ní tirẹ̀.

Bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ṣe é lókè òkun yẹ ní wíwò. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, eré ìdárayá kan wà tí wọ́n ń gbá lórí yìnyín, họ́kì ni wọ́n ń pè é. Ẹ má rẹ́rìn-ín pé kí ló kan ìlú olóòrùn bí Ọ̀fà pẹ̀lú yìnyín. Láti 2004 wọ 2005, àwọn tó ni ẹgbẹ́ họ́kì wọ̀nyí ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn, gbogbo sáà náà sì lọ láìsí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo. Ohun tí wọ́n ń bá ara wọn jà sí ni pé owó oṣù ti ń pa àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké. Nígbà tí wọ́n padà sẹ́nu eré ní 2005, wọ́n fi gbèdéke sí i: kò sí ẹgbẹ́ tó gbọ́dọ̀ ná ju mílíọ̀nù 39 dọ́là lọ lórí owó oṣù gbogbo agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ní sáà yẹn. Gbèdéke náà ti gbéra gan-an láti ìgbà náà, àmọ́ òfin kò yí padà. Alákòóso tó bá fẹ́ gba ìràwọ̀ agbábọ́ọ̀lù kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ẹni tí yóò yọ̀ǹda.

Ohun tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ nípa òfin yìí ni pé ilẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ bí òrùlé ṣe wà lórí rẹ̀. Wọ́n sọ iye tí ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ kọjá, wọ́n sì sọ iye tí kò gbọ́dọ̀ dín sí, kí olówó tó láhun má baà kó owó tẹlifíṣàn sápò kó wá fi àwọn ọmọ jẹun ìyà. Ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ló sì bá wọn jókòó kọ òfin náà. Wọ́n mọ ìpín tiwọn nínú owó tó bá wọlé: ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún ni, ó wá di ìdajì sí ìdajì láti 2013.

Ti bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọmọ wa kan wà níbẹ̀. Hakeem Olajuwon, tí wọ́n bí sí Èkó, ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú nígbà tí wọ́n ń yan àwọn ọ̀dọ́ sínú NBA ní 1984, Houston Rockets ló mú un. Ní 1994, Houston di ọ̀gá gbogbo ẹgbẹ́. Sáà tó tẹ̀ lé e, nǹkan kò rọgbọ. Nínú oṣù kejì ọdún 1995, àwọn alákòóso Houston ṣe ohun tó ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Wọ́n fi Otis Thorpe, ọkùnrin alágbára tó wà lára àwọn tó gba ife fún wọn, ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Portland, wọ́n sì gba Clyde Drexler, ẹni tí òun àti Olajuwon jọ gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì Houston. Àwọn ènìyàn ní wọ́n ti ba ẹgbẹ́ jẹ́. Ipò kẹfà ni wọ́n sì wà ní apá ìwọ̀-oòrùn nígbà tí sáà parí. Nígbà tí oṣù kẹfà fi máa dé, àwọn ni wọ́n tún gba ife. Thorpe kò burú. Ohun tí ẹgbẹ́ nílò lákòókò náà ni kì í ṣe ohun tí Thorpe ní.

Nígbà tí ó di 2001 tí Olajuwon fúnra rẹ̀ fẹ́ kọjá sí Toronto, Houston kò jẹ́ kó lọ lásán. Wọ́n gba ẹ̀tọ́ láti yan ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù dípò rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ́ràn bí ojú, tó gba ife méjì fún wọn, tó sì ti dàgbà, wọ́n ṣì rí nǹkan gbà lórí rẹ̀. Ẹ fi èyí wé ti ibi tí agbábọ́ọ̀lù tó jẹ góòlù jù fún ẹgbẹ́ kan nílẹ̀ wa yóò ti kó ẹrù rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí sáà parí, tí akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò sì máa gbọ́ lórí rédíò pé ó ti wà ní Libya.

Òótọ́ ni pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó lè fi agbábọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní Yúróòpù náà ti ń fa okùn mọ́ra. Ní líìgì àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tó wà nílẹ̀ nígbà náà sọ pé ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ pàdánù ju mílíọ̀nù 105 pọ́ùn lọ láàárín ọdún mẹ́ta. Everton rú u, wọ́n yọ àmì mẹ́wàá kúrò lára wọn nínú oṣù kọkànlá ọdún 2023, wọ́n dín in kù sí mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, wọ́n tún wá yọ méjì mìíràn kí sáà náà tó parí. Nottingham Forest pàdánù àmì mẹ́rin ní sáà kan náà. UEFA ní tirẹ̀ sọ pé ohun tí ẹgbẹ́ bá ń ná lórí owó oṣù, lórí rírà agbábọ́ọ̀lù àti lórí owó ejẹ́ǹtì kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un lọ.

Ìdá 70 nínú kí ni, bí ó bá di ti Kwara United? Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ní ẹnu ọ̀nà pápá kò tó nǹkan. Owó tẹlifíṣàn kò tó nǹkan. Owó tí ìjọba bá fọwọ́ sí ló ń gbé ẹgbẹ́ ró, owó tí wọ́n fọwọ́ sí sì yàtọ̀ sí owó tó dé ọwọ́. Alákòóso tó bá ti gbójú lé iye tó wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì láti ṣèlérí fún agbábọ́ọ̀lù ti fi ẹsẹ̀ kan sínú gbèsè. Iye tó wọ àpò ẹgbẹ́ lóòótọ́ ní ọdún tó kọjá ló yẹ kó fi ṣe ìwọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso líìgì nígbà kan, LMC, ti gbé ilẹ̀ kan kalẹ̀ pé agbábọ́ọ̀lù líìgì àgbà kò gbọ́dọ̀ gba kékeré ju 150,000 náírà lọ lóṣù. Ká ní ẹgbẹ́ kan ní agbábọ́ọ̀lù ọgbọ̀n, tí gbogbo wọn sì ń gba iye tó kéré jù yẹn. Mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ náírà nìyẹn lóṣù, mílíọ̀nù 54 lọ́dún. Ká wá ní wọ́n gba ìràwọ̀ márùn-ún tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń gba mílíọ̀nù kan lóṣù, tí àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó kù sì wà lórí 150,000. Owó oṣù ti di mílíọ̀nù mẹ́jọ ó lé 750,000, ó sì ti di mílíọ̀nù 105 lọ́dún. Ènìyàn márùn-ún péré ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. A kò tíì mẹ́nu ba owó ìbuwọ́lùwé, owó bí a bá borí, owó akọ́nimọ̀ọ́gbá, owó òtẹ́ẹ̀lì àti epo bọ́ọ̀sì. Ẹgbẹ́ ogún ló wà nínú líìgì náà, ìrìn-àjò mọ́kàndínlógún ni kálukú yóò rìn, láti Ìlọrin lọ sí Maiduguri, lọ sí Port Harcourt, lọ sí Kano, lórí ọ̀nà tí gbogbo wa mọ bó ṣe rí.

Kí wá ni àwọn ẹgbẹ́ ń ṣe nígbà tí owó bá tán ní ìdajì sáà? Wọn kì í san ti oṣù yẹn. Wọ́n á ní kí àwọn ọmọ ní sùúrù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ọ̀rọ̀ àánú nìkan ni èyí, pé ìyà ń jẹ àwọn ọmọ. Ìyà ń jẹ wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ọjà rẹ̀ nù. Láti ọdún 2018 ni òfin FIFA ti sọ ọ́ gbangba pé bí ẹgbẹ́ bá jẹ agbábọ́ọ̀lù ní owó oṣù méjì, tí ọmọ náà sì kọ ìwé fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n san án, tí wọn kò san, ó ní ìdí tó tọ́ láti fòpin sí àdéhùn náà kó sì máa lọ. Ọmọ tí ẹgbẹ́ ìbá tà ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù náírà lè lọ lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí 300,000 náírà. Kò sí oníṣòwò ní Ọjà Ọ̀wọ́dé tó máa ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àpò iṣu kan ṣoṣo.

Èyí tó tún burú ni ìwé àdéhùn ọlọ́dún kan. Àwọn alákòóso fẹ́ràn rẹ̀ nítorí wọ́n rò pé ó ń gbà wọ́n lọ́wọ́ gbèsè. Bí ọdún bá parí, ẹni tí kò dára á lọ. Wọ́n gbàgbé pé ẹni tó dára náà yóò lọ, kò sì sẹ́ni tí yóò san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò tún wá ra mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tuntun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí akọ́nimọ̀ọ́gbá yóò fi ìdajì sáà kọ́ orúkọ wọn. Òfin gba ẹgbẹ́ láyè láti fún agbábọ́ọ̀lù ní àdéhùn tó tó ọdún márùn-ún. Ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, ọdún mẹ́ta. Kí ló dé tí a kò lò ó?

Ní ọdún 2017 tí Shooting Stars já kúrò nínú líìgì, ẹgbẹ́ aládàáni méjì bá wọn já ní sáà kan náà. Ọ̀kan ni ABS FC ti Ìlọrin, tí ó ń jẹ́ orúkọ Abubakar Bukola Saraki. Ìkejì ni Remo Stars, tí Kunle Soname dá sílẹ̀, tí wọ́n fi Ìkẹ́nnẹ́ ṣe ilé. Nígbà yẹn, ipò kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀, ní 2025, Remo Stars gba ife líìgì Nàìjíríà àti 200 mílíọ̀nù náírà tó bá a rìn, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ipò kejì lẹ́ẹ̀mejì léraléra. ABS kò padà dé ibi tí wọ́n ti já bọ́.

Kì í ṣe pé Soname ní owó ju gbogbo ènìyàn lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ kan ní owó jù ú lọ fíìfíì. Ohun tí wọ́n ṣe ní Ìkẹ́nnẹ́ ni pé wọ́n kọ́ pápá tiwọn, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù Beyond Limits sílẹ̀ láti máa tọ́ ọmọ dàgbà, wọn kò sì ka títa agbábọ́ọ̀lù sí àjálù. Soname kan náà ló ra ẹgbẹ́ Feirense ní Potogí ní 2015. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Oghenekaro Etebo kúrò ní Warri Wolves lọ síbẹ̀. Nígbà tó di 2018, Stoke City ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ra Etebo ní iye tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà pọ́ùn. Ẹ wo ọ̀nà tí ọmọ náà gbà, kí ẹ sì wo ẹni tí owó ńlá náà kàn lọ́wọ́ àti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé Remo Stars ti di alágbára kò-sí-ńkan. Mamelodi Sundowns ti South Africa lé wọn jáde nínú Champions League ní 2025 kan náà, kò sì sí àwáwí níbẹ̀. Owó Sundowns pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ń bọ́ ara rẹ̀ lè pàdánù kó sì padà wá lọ́dún mìíràn.

Àwọn kan yóò sọ pé fífi gbèdéke sí owó oṣù, ìrẹ́jẹ ni. Wọ́n ní ọdún tí agbábọ́ọ̀lù fi ń jẹun nídìí bọ́ọ̀lù kò ju mẹ́wàá sí méjìlá lọ, pé bí ó bá fi eékún ṣèṣe, tirẹ̀ ti parí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ gidi ni, kò sì yẹ kí alákòóso kankan fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Gbèdéke tí kò bá ní ilẹ̀ lábẹ́, tí wọn kò sì san lásìkò, olè ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ṣèlérí mílíọ̀nù kan fún lóṣù, tí ó gba ti oṣù mẹ́rin nínú oṣù mẹ́wàá, mílíọ̀nù mẹ́rin ló gbà. Ẹni tí wọ́n ṣèlérí 500,000 fún tí wọ́n sì san gbogbo rẹ̀ gba mílíọ̀nù márùn-ún, ó sì sùn dáadáa. Èwo ni ìrẹ́jẹ nínú méjèèjì?

Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ìlú Ọ̀fà tààrà ni ti àwọn ọmọ kéékèèké. FIFA ní òfin kan tó sọ pé bí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè kan bá ra agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn nígbà tí àdéhùn rẹ̀ kò tíì parí, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún méjìlá títí di ọdún mẹ́tàlélógún. Ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ní ìdá kan lápapọ̀, ọdún mẹ́jọ tó kù pín ìdá mẹ́rin. Ní 2025, Galatasaray ti Turkey ra Victor Osimhen lọ́wọ́ Napoli ní mílíọ̀nù 75 yúrò. Ìdá kan nínú iye bẹ́ẹ̀ jẹ́ 750,000 yúrò, èyí tó ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní iye owó ọdún náà. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2022 sì ni FIFA ti dá ilé ìpínwó kan sílẹ̀ tí yóò máa pín owó wọ̀nyí fúnra rẹ̀, dípò kí ẹgbẹ́ kéékèèké máa sáré kiri bẹ̀bẹ̀.

Ẹ wá ro ó wò. Bí ọmọ kan láti Ọ̀fà bá di irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́la, ta ni yóò gba ìdá kan yẹn? Ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọmọ náà ni. Kóòṣì àdúgbò tó ń fi owó ara rẹ̀ ra bọ́ọ̀lù, tó ń kó ogójì ọmọ jọ sí pápá ilé-ìwé ní ìrọ̀lẹ́, tí kò forúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, tí kò sì forúkọ ọmọ kankan sílẹ̀, kò ní gba kọ́bọ̀. Ejẹ́ǹtì tó mú ọmọ náà wọkọ̀ lọ sí Èkó nígbà tó pé ọdún mẹ́rìndínlógún ni yóò máa sọ ìtàn pé òun ló ṣàwárí rẹ̀.

Ìjọba Kwara ti dá ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù, Kwara Football Academy, sílẹ̀ ní Ìlọrin láti ọdún 2005. Ó dára pé ó wà. Ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀fà, ọmọ Omù-Àrán, ọmọ Pàtégì kò lè máa wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin lójoojúmọ́. Ohun tí yóò gba ìjọba kò pọ̀: kóòṣì méjì tó ní ìwé ẹ̀rí sí Ọ̀fà, ìwé ìforúkọsílẹ̀, àti àjọṣe tó wà lórí ìwé láàárín àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìlú náà àti Kwara United, pé bí ọmọ wọn bá dé ibẹ̀, wọn yóò ní ìpín nígbà tí wọ́n bá tà á. Bàbá ọmọ náà yóò mọ iye tó jẹ́. Kóòṣì àdúgbò yóò mọ tirẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá rí ọmọ mẹ́ta péré gbà lọ́nà yìí lọ́dún, ìyẹn mẹ́ta tí wọn kò ní fi owó ìbuwọ́lùwé rà láti ibòmíràn, owó náà á sì tó láti gba àgbà kan ṣoṣo tó mọṣẹ́ gan-an, sí ipò tó bá ṣófo jù, dípò àgbà mẹ́wàá tí kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n.

Kò ṣòro láti fi ìdí èyí múlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ bí Kwara United. Kí wọ́n sọ iye owó oṣù tí wọn kò ní kọjá lọ́dún kan, kí wọ́n sọ ọ́ ní gbangba kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹni tó ń gba jù gba ju ìlọ́po mẹ́rin ti ẹni tó ń gba kékeré jù lọ. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́tàlélógún, kí wọ́n fún un ní àdéhùn ọdún mẹ́ta. Kí wọ́n gbà láti ta ẹnì kan tàbí ẹni méjì lọ́dọọdún nígbà tí iye wọn ṣì ga, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé bí ẹgbẹ́ tó rà á bá tún un tà, àwọn ní ìpín níbẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ yóò kígbe ní ọdún àkọ́kọ́. Àwọn ará Houston náà kígbe lórí Otis Thorpe.

Nígbà tí bọ́jẹ́ẹ̀tì ìpínlẹ̀ bá tún dé iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìlọrin, àwọn aṣojú Ọ̀fà wà níbẹ̀, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Kì í ṣe iye tí wọ́n fẹ́ fún Kwara United nìkan ni kí wọ́n béèrè. Kí wọ́n béèrè pé láti ọjọ́ tí ẹgbẹ́ náà ti gbé ife wálé láti Oníkan ní 2025, agbábọ́ọ̀lù mélòó ló ti lọ, mélòó ni wọ́n tà nínú wọn, èló ni wọ́n tà wọ́n, ojú ewé wo nínú ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ sì ni owó náà wà.